Ẹja Wúrà Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá: Ẹ Yẹ Omi Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Wá Oògùn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a ó sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí ìlera ènìyàn ni a ya ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún, ẹja ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tí ń wá sí dìsípẹ́ńsárì kì í béèrè oògùn ibà àti ti ikọ́ nìkan mọ́. Àwọn mìíràn a máa béèrè kápúsù tẹtirasáíkílìnì méjì tàbí mẹ́rin, bí mo bá sì bi wọ́n pé ta ni ara rẹ̀ kò yá, wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹja àwọn ọmọ ni o." Wọ́n fẹ́ tú kápúsù náà, kí wọ́n sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú omi ẹja. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹ má ṣe é. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín tí a bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ẹja yìí jẹ́.

Ẹja wúrà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní goldfish, kì í ṣe ẹja odò wa. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sin nínú ilé, ó sì ti lé ní 1,000 ọdún. Ẹja omi tútù ni. Omi tí ó wà láàárín 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni ó bá a lára mu jù, bẹ́ẹ̀ omi inú abọ́ ní pálọ̀ wa ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn a máa tó 27 sí 30 nígbà ọ̀ẹ̀rùn. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í gba afẹ́fẹ́ sára bí omi tútù ti ń gbà á. Nítorí náà, ẹja tí ẹ rà fún ọmọ yín ti ń fi ìdajì èémí gbé ayé kí àìsàn kankan tó dé bá a.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹja tí kì í pẹ́ kú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 10 sí 20, ó sì lè gùn tó íǹṣì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tish. Ibi ìdárayá ọjà ni ọmọdé kan ti jẹ ẹ́ ní ẹ̀bùn ní 1956, kò sì kú títí di 1999, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 43. Ẹ fi èyí wé ẹja tí a rà ní ọjọ́ Sátidé tí ó ti léfòó kí oṣù tó parí.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Nínú ẹja mẹ́wàá tí wọ́n bá ní ó ń ṣàìsàn, omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣàìsàn rẹ̀. Ẹja kì í jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Inú omi tí ó ń mí náà ni ó ń yàgbẹ́ sí, ibi èémí rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì tún ń tú májèlé kan tí à ń pè ní amóníà jáde nígbà gbogbo. Ojú kò lè rí amóníà yìí. Omi lè mọ́ gaara bí omi òjò kí ó sì máa jó ẹja lára. Bí omi bá ti gbóná sí i ni agbára májèlé náà ń pọ̀ sí i, èyí ni kò jẹ́ kí a lè fara wé àwọn ará ilẹ̀ òtútù nínú ọ̀ràn yìí.

Ọlọ́run kò ṣàìpèsè ọ̀nà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń gbé inú asẹ́ omi, ara òkúta wẹ́wẹ́ àti ara gíláàsì. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ amóníà kí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun mìíràn tí kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹja inú àpótí tuntun fi sábà máa ń kú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, tí onílé a sì máa fi ẹni tó tà á fún un bú. Bí ẹ bá sì ti ní àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí tán, ẹ má fi ọwọ́ ara yín pa wọ́n. Mo mọ̀ pé ìyá ilé tó fẹ́ràn ìmọ́tótó kì í fẹ́ rí ohun tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀tẹ̀rẹ̀, yóò sì fẹ́ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ fóòmù inú asẹ́ náà dé egungun. Ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ ni ikú ẹja. Inú omi àpótí tí ẹ bá gbọ́n jáde ni kí ẹ ti ṣan fóòmù náà, kí ẹ má ṣe lo ọṣẹ rárá.

Abọ́ roboto kékeré tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ẹja yìí kò yẹ fún un. N kò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ẹja wúrà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ní omi tó kéré sí lítà 40, bí ó bá sì lè tó 75, ó dára jù. Ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì sí mẹ́ta. Bí owó àpótí gíláàsì bá ga, àgbá ọ̀rá tó fẹ̀ lẹ́nu, tí a kò tíì fi ọṣẹ tàbí epo sí rí, yóò ṣe é. Kò ní lẹ́wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹja náà yóò wà láàyè.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀ tí ẹ rí i pé ẹja léfòó sókè tí ó ń ya ẹnu gba afẹ́fẹ́ lójú omi, tàbí ó di lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra tí ó fi ìsàlẹ̀ ṣe ibùsùn, tàbí kò jẹun, ẹ má sáré lọ sí kẹ́míìsì. Omi ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ gbọ́n ìdámẹ́ta omi inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi omi tuntun tí ooru rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe kó gbogbo omi dànù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìyípadà òjijì lè pa ẹja ju àìsàn tí ẹ ń sá fún lọ. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ẹ má fún un ní oúnjẹ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹja wúrà tó dàgbà lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìsí ewu, oúnjẹ tí kò bá sì jẹ yóò kàn jẹrà sínú omi ni.

Irú omi wo ni omi tuntun yìí? Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kilorínì nínú, èyí tí a fi ń pa kòkòrò àrùn kí a tó mu omi. Ó dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń bó ibi èémí ẹja. Ẹ pọn omi náà sínú garawa tó fẹ̀ lẹ́nu, kí ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Ẹ da àwọ̀n bò ó lórí nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ má baà máa tọ́jú ẹja kí ẹ sì máa sin ẹ̀fọn. Ẹni tó ní bòhóòlù lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó kàn án bí wọ́n bá ń da bílíìsì tàbí oògùn omi sínú táǹkì òkè ilé. Omi bòhóòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ kì í sì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú, nítorí náà kí ẹ fi òun náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi ife bù ú sókè dà á sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ tí pọ́ǹpù dá iṣẹ́ dúró, fífi ife bu omi inú àpótí kí a sì máa dà á padà láti òkè náà ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jí lóru lè ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó padà sùn.

Lẹ́yìn omi ni iyọ̀. Iyọ̀ ìdáná lásán ni mò ń wí, kì í ṣe iyọ̀ tí wọ́n fi èròjà amọ́bẹ̀dùn sí. Iyọ̀ a máa dín ìnira ẹja kù, ó sì ń dá àwọn kòkòrò àfòmọ́ kan lẹ́kun. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba a máa gba nǹkan bíi gíráàmù 5 sí 6. Ẹ wá bàsíà tàbí garawa tó gba lítà 20, kí ẹ fi ẹja kékeré kan ṣoṣo sínú rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ bí ó bá wà. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ṣíbí iyọ̀ mẹ́rin nínú ife omi kí ẹ tó dà á sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí hóró iyọ̀ tó bá kan ẹja lára yóò jó o. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbọ́n lítà 5 jáde, ẹ dá lítà 5 tuntun padà, kí ẹ tún fi ṣíbí mẹ́rin sí i. Ohun kan náà ni ti ọjọ́ kẹta. Láti ọjọ́ kẹrin lọ, lítà 5 tí ẹ bá ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ yóò máa gba ṣíbí méjì péré. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ló fà lára omi náà gbẹ, omi lásán ni kí ẹ fi kún un, nítorí omi nìkan ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó máa ń gbàgbé èyí ni wọ́n ń sọ bàsíà di òkun láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àìsàn tí iyọ̀ ń bá jà dáadáa ni èyí tó máa ń mú kí ara ẹja rí bí ẹni pé wọ́n fọ́n gàrí funfun sí i. Kòkòrò kékeré ló fa olúkúlùkù hóró funfun náà. Bí ó bá yó, yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò fi ìsàlẹ̀ omi ṣe ilé, yóò sì bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí yóò lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn kiri. Ìgbà tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan ni oògùn lè pa á. Nígbà tó bá wà lára ẹja, abẹ́ awọ ni ó sá pamọ́ sí. Nítorí náà, bí hóró funfun náà bá pòórá ní ọjọ́ kẹrin, ẹ má yọ ayọ̀ kí ẹ sì dá iyọ̀ dúró. Ẹ ṣe é tó ọjọ́ 10 sí 14. Ooru ilẹ̀ wa ṣe wá lóore kan níbí, nítorí pé nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ìgbésí ayé kòkòrò náà a máa yára parí, bí kò bá sì rí ẹja láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò kú. Ẹ tọ́jú gbogbo ẹja tó bá wà nínú àpótí kan náà, ì báà ṣe èyí tí ẹ kò rí nǹkan lára rẹ̀, kí ẹ sì fi àpótí náà sílẹ̀ láìsí ẹja fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹbẹ tàbí ìrù tó ń jẹrà lẹ́nu bí aṣọ tí èkúté jẹ kò fẹ́ ju omi mímọ́ àti iyọ̀ lọ bí ẹ bá tètè rí i. Ohun tó dà bí òwú tó hù sára ọgbẹ́ náà rí bákan náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹja tó dojú inú délẹ̀ tí ó ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tó dànù sábà máa ń jẹ́ ẹni tó jẹ àjẹjù. Ẹja wúrà kò ní àpò ikùn bí tiwa, oúnjẹ tó gbé mì tààrà sínú ìfun ni ó ń lọ. Kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un ní pòpórò ewéko rírọ̀ tí ẹ bọ̀. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tí ẹja bá lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Ní ti ẹja tí ara rẹ̀ wú tí gbogbo ìpẹ́ rẹ̀ sì dìde, kíndìnrín rẹ̀ ló ti bàjẹ́, díẹ̀ ni ó ń yè nínú wọn.

Ó kù kí n san gbèsè kápúsù. Tẹtirasáíkílìnì kì í pa àfòmọ́ tó ń fa hóró funfun, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa olú tó dà bí òwú. Baktéríà nìkan ni ó ń bá jà. Nínú omi tó le, tí ẹ̀fun pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀fun náà a máa gbá oògùn yìí mú kí ó tó dé ara ẹja. Ohun tí ó lè ba jẹ́ ni àwọn kòkòrò rere inú asẹ́, tí amóníà yóò sì tún gòkè. Èyí tó burú jù ni pé àwọn baktéríà tí kò kú yóò ti mọ oògùn náà lójú, omi náà ni ẹ ó sì dà sí gọ́tà tí àwọn ọmọ ń fò kọjá. Lọ́jọ́ tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wọ ojú ọgbẹ́ ènìyàn, àwa tí ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì ni ẹ ó gbé e wá bá, ọwọ́ wa yóò sì ṣófo. Ẹ tún rántí pé kápúsù tó kù nínú àpamọ́wọ́ kì í pẹ́ dé ẹnu ọmọ tó bá ń wúkọ́, bẹ́ẹ̀ tẹtirasáíkílìnì a máa ba àwọ̀ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ jẹ́ títí láé.

Àwọn oògùn aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ẹja ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ ka òṣùwọ̀n ara ìgò rẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì má ṣe dà á sínú omi ẹja tí ẹ ó jẹ. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n sì fẹ́ fi èyí tó kù nínú ìgò wo àrọ̀ náà. Oògùn bẹ́ẹ̀ a máa kù sínú ẹran ẹja, ó sì lè pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ọwọ́ yín. Baktéríà kan wà tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ife, Mycobacterium marinum ni orúkọ rẹ̀. Ara ẹja tó kú ní Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1926, ní 1951 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn pé ó ń mú ènìyàn, láàárín àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Swídìn. Bí ẹni tó ní egbò tàbí ihá lọ́wọ́ bá ki ọwọ́ bọ omi ẹja, baktéríà náà lè wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kókó pupa kan yóò yọ lórí ìka tàbí ẹ̀yìn ọwọ́. Kì í sábà dunni púpọ̀, kì í sì í jinná. Ó lè di egbò, kí òmíràn sì tún tò tẹ̀lé e lọ sókè apá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kà á sí eéwo, wọn a fi ọṣẹ dúdú pa á títí, wọn a sì gba abẹ́rẹ́ tí kò bá a mu. Ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ni a fi ń lo oògùn rẹ̀, dókítà kò sì ní ronú kàn án bí ẹ kò bá sọ fún un pé ẹ ń sin ẹja. Ẹ sọ ọ́ o, bí kò tilẹ̀ béèrè.

Nítorí náà, ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọ àpótí ẹja láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má fi ẹnu fa omi nínú rọ́bà gbọọrọ láti fi dà á sílẹ̀, ife ni kí ẹ fi gbọ́n ọn. Ẹ má da omi ẹja sínú síǹkì ìdáná tí ẹ ti ń fọ ẹ̀fọ́. Ìdí òdòdó tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, bí kò bá ti ní iyọ̀ tàbí oògùn nínú. Èyí tó bá ní i, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún ẹja lóúnjẹ, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún má sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ rárá. Ẹni tó ní àìsàn tó mú kí agbára ara rẹ̀ dínkù, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a tọ́jú ẹja náà.

Bí omi mímọ́ àti iyọ̀ kò bá ran ẹja lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn dókítà ẹranko wà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta. Kí ojú má tì yín láti gbé ẹja inú garawa lọ síbẹ̀. Bí ó bá sì hàn gbangba pé kò ní yè, tí ó kàn ń jẹ ìrora, ẹ má jù ú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàyè, ẹ má sì dà á sí odò tàbí ọ̀sà, kí ó má baà kó àrùn ran ẹja ibẹ̀. Òróró kànáfùrù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún eyín ríro lè mú un sùn láìsí ìnira. Ẹ fi ẹ̀kán 10 fún lítà omi kan, kí ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n pọ̀ dáadáa nínú ìgò kékeré pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí ẹ kò bá rí i kí ó mí mọ́, ẹ tún fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpótí òfìfo náà síta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ife bílíìsì kan sínú ife omi mẹ́wàá fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣàn án títí òórùn bílíìsì kò fi ní sí mọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Bí àwọn ọmọ bá ń bẹ yín pé kí ẹ ra òmíràn lọ́sẹ̀ náà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Bílíìsì ti pa kòkòrò rere inú asẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó burú, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó sì ti tún ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà náà.